Ahọ́n Tí Kò Gba Dídùn

Ohun tí àwọn ará àdúgbò Ìtàlúpè fi ń ṣe Helen Ìbítáyọ̀ ní yẹ̀yẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: obìnrin náà kì í fi ohun dídùn kan ẹnu. Kì í ṣe dókítà ló kìlọ̀ fún un, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ́ ló jẹ́. Ìríra ni. Bí ọmọ kan bá ń lá súìtì nítòsí rẹ̀, tí itọ́ pupa ń sàn bọ̀ sí àgbọ̀n ọmọ náà, Helen á gbé àga rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó ní òórùn rẹ̀ ń rú òun nínú. Ó ní ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ báyẹn, kí ni kò ní lẹ̀ mọ́ nínú ìfun ènìyàn?

Ẹ má bi mí bóyá ó ń ṣe àṣejù. Ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ilé tí ó ti wá. Ayépé ni wọ́n bí i sí, nínú ilé tí wọ́n ti ń yan gaàrí. Ìyá rẹ̀ kì í kánjú gbé ẹ̀gẹ́ kúrò lábẹ́ òkúta. Á fi í sílẹ̀ títí yóò fi kan, tí òórùn kíkan á gba gbogbo àgbàlá, kí ó tó dá iná sábẹ́ agbada. Gaàrí tó bá jáde níbẹ̀, ẹni tó bá mu ún, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣẹ́ kí ó tó gbé e mì. Omi tútù, ẹ̀pà díẹ̀, ẹja díndín, ó parí. Bí àlejò bá béèrè ṣúgà, ìyá náà á wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹni tó bu ṣúgà sí gaàrí Ìjẹ̀bú," yóò ní, "ẹni tó yan án ló bú." Inú ilé yìí ni ahọ́n Helen ti kọ́ ẹ̀kọ́, kò sì gbàgbé rẹ̀.

Ọkọ tí Ọlọ́run wá fún un ńkọ́? Ọ̀gá àwọn tó fẹ́ràn dídùn ni. Gilbert aránṣọ, ọmọ Ìbefun, lè mu tíì tí síbí á fi dúró ṣanṣan nínú ife nítorí ṣúgà. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, nígbà tí alága ìjókòó ní kí ọkọ fi kéèkì sí ìyàwó lẹ́nu, Gilbert gé èyí tó tóbi, ó sì tì í sí Helen lẹ́nu. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Helen fi kéèkì náà pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn ayàwòrán, lẹ́yìn náà ló yí ẹ̀yìn padà, ó tu ú sínú áńkáṣíìfù. Àwòrán náà ṣì wà ní pálọ̀ wọn. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ìyàwó wú.

Wọ́n gbé pọ̀ pẹ́, wọ́n bí Ṣèyí, Ṣèyí dàgbà, ó lọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Gilbert ń ránṣọ ní yàrá iwájú ilé, Helen ń bá a fi bọ́tìnnì sí aṣọ, ó sì ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni Gilbert ń lò, irú èyí tí ẹsẹ̀ ń tẹ irin rẹ̀ nísàlẹ̀. Àwọn aránṣọ kékeré ní kí ó ra èyí tó ń fi iná ṣiṣẹ́. Ó ní iná tiwọn ń lọ, ó ń bọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún òun ni iná tòun, kò sì tíì lọ rí.

Nígbà tí Gilbert lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́. Á mu omi, á lọ tọ̀, á tún wá omi mu. Ṣòkòtò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ kúrò ní ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan irin ẹ̀rọ bó ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n lára rárá, Helen ló rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Ọgbẹ́ náà kọ̀, kò jinná. Wọ́n gba ilé ìwòsàn lọ. Dókítà kan tí wọ́n ń pè ní Ọlámilékan, ọmọdé ní ojú ṣùgbọ́n àgbà ní ọ̀rọ̀, gún Gilbert ní ìka, ó wo ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá, àtọ̀gbẹ ni. Ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Bí a bá mú un wálẹ̀, ọgbẹ́ yìí á jinná. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ má bínú sí mi, ẹsẹ̀ yìí la máa gé."

Gilbert tẹrí ba. Ó ń wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n gbé ka ibẹ̀. Ẹ̀rù ba Helen, ṣùgbọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, inú rẹ̀ tún dùn díẹ̀. Ọjọ́ wo ló ti ń sọ ọ́!

Bó ṣe délé, ogun bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ṣúgà inú ilé ló dà sínú gọ́tà. Gaàrí Gilbert di ìwọ̀nba, nítorí dókítà ní gaàrí pàápàá ń di ṣúgà nínú ara, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ mú ṣúgà dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Helen ń se ẹ̀wà, ó ń se ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹja, ó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n. Ó gbé ẹ̀pà sísè àti ìkàn sínú àwo kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ fún ìpápánu. Bí Gilbert bá fajúro, á ní, "Bàbá Ṣèyí, ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ yín ni mo ń sè."

Ṣùgbọ́n ogun tí ó ń bọ̀ láti ìta ju ti inú ilé lọ. Ẹ mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán kí aláìsàn. Àwọn ará ìjọ ń wá, àwọn oníbàárà ń wá, ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń gbé wá kí ẹni tí ṣúgà ń pa! Jùúsì inú páálí tí wọ́n ya ọsàn sí lára, tí ọsàn kò sì dé inú rẹ̀ rí. Mọ́ọ̀tì nínú agolo. Bisikíìtì tí wọ́n fi ìpara dídùn sí láàárín. Kéèkì inú ọ̀rá tó lè wà nílé títí ọdún á fi yí po, tí kò ní bu. Èmi bi yín, kéèkì wo ni kì í bu? Àkàrà tí a dín láàárọ̀, ní ọjọ́ kejì ó ti ń fà bí ikun. Ohun tí kò lè bà jẹ́ níta, tí wọ́n wá ní kí ènìyàn gbé sínú ara, ìríra ni í jẹ́. Ẹnì kan tilẹ̀ gbé gúlúkóòsì wá nínú agolo, ó ní kí Bàbá fi gba agbára. Helen dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, nítorí a kì í kọ ẹ̀bùn lójú ẹni tó mú un wá. Bí wọ́n bá ti yí ẹ̀yìn, á fi ìka méjì gbé ohun náà bí ẹni gbé òkú eku, á kó o síta.

Gilbert kò jà. Ohun kan ṣoṣo tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni ẹnu. Láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀pà sú u, ó ní eyín ń dun òun. Ìkàn sú u, ó ní òun kì í ṣe ewúrẹ́.

"Ìyá Ṣèyí," ó ní, "ṣé kò sí nǹkan kan nínú ayé yìí tí aláìsàn lè fi panu, tí kì í ṣe ewé tàbí kóró?"

Àánú ṣe Helen. Ó kọjá sí òdìkejì títì, sí ṣọ́ọ̀bù Fatihah, ọmọbìnrin kan tó ń ta oúnjẹ inú ọ̀rá àti inú agolo. Fatihah kò ronú pẹ́. Ó na ọwọ́ sókè, ó mú bisikíìtì kan wá nínú ọ̀rá aláwọ̀ ewé. Wọ́n ya ṣírí ọkà àlìkámà sí i lára, wọ́n sì ya ọkùnrin kan tó ń sáré, tí eyín rẹ̀ funfun báláú.

"Màmá, èyí ni àwọn tó ní ṣúgà ń jẹ. Bọ̀ọ̀dá ìyá mi tó ní irú àìsàn yẹn, òun ni mò ń fi ránṣẹ́ sí wọn."

"Kò sí ṣúgà nínú rẹ̀?"

"Àlìkámà ni, Màmá. Ẹ ò rí i bí ó ṣe pọ́n? Bisikíìtì tó ní ṣúgà máa ń funfun, wọ́n sì máa ń fi ìpara sí i."

Helen yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ìpara. Kò sí ṣúgà wóróworo lára rẹ̀. Ó le, ó rí gbẹrẹfu bí ohun tí àwọn dókítà fẹ́ràn. Ibí gan-an ni àṣìṣe ti wọlé, irú àṣìṣe tí ọmọ ẹni tó ń yan gaàrí Ìjẹ̀bú nìkan lè ṣe. Lójú Helen, ṣúgà ni funfun yẹn tí wọ́n ń bù sí nǹkan. Bí a kò bá bù ú, kò sí níbẹ̀. Ó mú un dé imú, òórùn mílíìkì sọ sí i, ó gbé orí kúrò kíá. Kò tọ́ ọ wò. Ìgbà wo ni òun ti fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kan ẹnu rí?

Láti ọjọ́ náà, lójoojúmọ́, Helen fúnra rẹ̀ ló ń já ọ̀rá aláwọ̀ ewé náà, tó ń to bisikíìtì sínú àwo, tó ń gbé e síwájú ọkọ rẹ̀. Gilbert á ní, "O ṣeun, ìyàwó mi." Ó pẹ́ tí ó ti pè é ní ìyàwó mi gbẹ̀yìn. Inú Helen ń dùn.

Ṣùgbọ́n ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kò wálẹ̀. Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, ó wà lókè. Wọ́n tún lọ, ó tún gòkè sí i. Dókítà Ọlámilékan wo Helen, ó ní, "Màmá, Bàbá ń jẹ nǹkan kan." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Òun tí òun ń ṣọ́ ilé bí ọlọ́pàá! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ayé. Ó ń tú àpò aṣọ Gilbert wò. Ó ń gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tí Bàbá Joel, ọ̀rẹ́ Gilbert tí wọ́n jọ ń kọrin ní ìjọ, gbé mọ́ọ̀tì wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Helen gbàgbé pé a kì í kọ ẹ̀bùn lójú ẹni tó mú un wá. Ó ṣí agolo náà níwájú rẹ̀, ó dà á sí gọ́tà, ìfófòó rẹ̀ ru gùdù.

"Ẹ̀yin lẹ ń pa á," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ ń yọ́ ọ fún un."

"Ìyá Ṣèyí, Ọlọ́run rí mi, n kò yọ́ nǹkan kan fún un rí."

Bàbá Joel ń sọ òtítọ́. Ó dìde, ó gbé fìlà rẹ̀, ó lọ. Gilbert jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò gbé ojú sókè, ó ń jẹ bisikíìtì rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà dúdú. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Òórùn kan wà nínú yàrá iwájú báyìí tí tùràrí kò lè bò, òórùn ohun tó ń jẹrà, tó sì tún dùn díẹ̀ nínú ìjẹrà rẹ̀. Helen á fi etí ìró rẹ̀ bo imú kí ó tó wọlé. Àwọn oníbàárà ń dúró ní ẹnu ọ̀nà láti wọn aṣọ. Dókítà dá ọjọ́ fún wọn, ó ní bí nǹkan kò bá yí padà, orúnkún lòun máa ti gé e.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Helen ń gbálẹ̀ yàrá iwájú kí Gilbert tó jí. Ó rí èèrà. Wọ́n tò láti ojú fèrèsé, wọ́n gba ara ògiri, wọ́n gba ẹsẹ̀ tábìlì ẹ̀rọ gòkè, wọ́n wọ inú dúrọ́ọ̀ lọ. Ó ní, mo ti mú un. Ibí ló ń kó o pamọ́ sí. Ó fa dúrọ́ọ̀ náà yọ, kí ó lè rí súìtì tàbí kéèkì tí Bàbá Joel mú wá.

Kò sí súìtì. Kò sí kéèkì. Bisikíìtì inú ọ̀rá aláwọ̀ ewé ni, èyí tí òun fúnra rẹ̀ já lánàá, tí Gilbert kò jẹ tán. Èèrà ti bò ó dúdú, wọ́n ń ru wóróworo rẹ̀ lọ bí ẹni kó ẹrù ilé. Àwo ẹ̀pà àti ìkàn wà lórí tábìlì níbẹ̀, ìwọ̀n ìka díẹ̀ sí wọn. Èèrà kan kò yà síbẹ̀.

Helen wo àwo ẹ̀pà, ó tún wo bisikíìtì. Lẹ́yìn náà ó gbọn èèrà kúrò lára bisikíìtì kan, ó pa ojú dé, ó gé e jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ irú nǹkan yìí lójoojúmọ́, ahọ́n yín ti kú, ẹ kò lè mọ ohun tó bá obìnrin náà. Dídùn náà wọ gbogbo ẹnu rẹ̀ pọ̀, ó lẹ̀ mọ́ èrìgì, ó ń sàn lọ sí ọ̀fun. Ó dùn ju kéèkì ìgbéyàwó lọ. Ó tu ú, ó tún tu ú, ó fi omi fọ ẹnu, ó fi orín ha ahọ́n rẹ̀, dídùn náà kò kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà, ó bì.

Gilbert gbọ́ èébì náà, ó fi igi tẹlẹ̀ jáde wá. Ó rí ọ̀rá aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá Ṣèyí," Helen ní, "nǹkan yìí dùn."

Gilbert gbé ojú kúrò lára ọ̀rá náà.

"Ẹ mọ̀ pé ó dùn?"

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí o kọ́kọ́ gbé e wá."

"Ẹ wá dákẹ́?"

"Ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ gbé e fún mi, Helen. Èmi kò jí i. Èmi kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní bóyá irú ṣúgà tí kì í pani ni. Mo ní bí n bá sọ ọ́, o kò ní gbé e wá mọ́."

Helen wo ọkùnrin náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ìríra tó ní sí i lọ́jọ́ náà, kò fi pamọ́ fún mi nígbà tó ń sọ ọ́. Àgbà ọkùnrin, tí wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ó ń jókòó lójoojúmọ́ tí ó ń jẹ ẹsẹ̀ náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tó tún ń dúpẹ́! Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ṣùgbọ́n ta ló to obì náà sínú àwo? Òun náà ni. Ìyẹn ló tún bí i nínú jù. Ahọ́n tí òun fi ń yangàn, ìgbà tí iṣẹ́ dé fún un, òun kò jẹ́ kí ó ṣe é.

Ó gbé ọ̀rá náà kọjá títì. "Fatihah, tọ́ ọ wò." Fatihah jẹ ẹ́, ó gbé e mì.

"Ó dùn, Màmá. Ó dùn dáadáa." Lẹ́yìn náà ló tó yé e. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹnu. "Bọ̀ọ̀dá ìyá mi," ó ní.

Ní ilé ìwòsàn, Dókítà Ọlámilékan yí ẹ̀yìn ọ̀rá náà sí ìmọ́lẹ̀, ó ní ṣúgà ní orúkọ púpọ̀ bí olè, wọ́n sì fi orúkọ mẹ́ta nínú rẹ̀ síbẹ̀ ní lẹ́tà tí èèrà nìkan lè kà. Ó ní ọ̀rá kan ṣoṣo, bí ẹni bu ṣúgà síbí méje sí ẹnu ni. Helen nu ọwọ́ tó fi gbé ọ̀rá náà mọ́ ìró rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó pẹ́ jù fún ọmọ ìka méjì, wọ́n gé wọn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kù. Helen lọ sí ilé Bàbá Joel, ó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó gbé ọ̀fíọ̀ tí ó ti ṣà mọ́ lọ kí i. Fatihah gbé bisikíìtì náà kúrò lójú ọ̀nà, ó gbé e sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ó ṣì ń tà á fún ẹni tó bá béèrè. Ọjà ni ọjà ń jẹ́.

Ní báyìí, kò sí ohun kan tó ń wọ ẹnu Gilbert tí Helen kì í kọ́kọ́ tọ́ wò. Bó ti wù kí ọ̀rá rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tó, bó ti wù kí wọ́n ya ọkà sí i tó. Obìnrin tó ń sá fún súìtì lẹ́nu ọmọdé ni gbogbo dídùn àdúgbò ń gba ahọ́n rẹ̀ kọjá báyìí. Àìmọye ìgbà ló ti bì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Bàbá Joel tún wá, ó mú yógọ́ọ̀tì inú ike kan lọ́wọ́. Ó ní òun béèrè dáadáa, wọ́n ní ti àwọn tó ní àìsàn ṣúgà ni. Gilbert dá ẹ̀rọ dúró. Helen ṣí ike náà, ó fi síbí bù ú, ó pa ojú dé, ó tọ́ ọ wò. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ń wo ẹnu rẹ̀.

"Báwo ló ṣe rí?" Gilbert béèrè. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Helen fa áńkáṣíìfù yọ ní ìdí ìró rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ rẹ̀ tó wà lórí irin ẹ̀rọ, ìka mẹ́ta ló kù.

"Ó dùn bíi kéèkì ìgbéyàwó wa," ó ní, ó sì tu ú.

Ó ti àwo ẹ̀pà sí iwájú ọkọ rẹ̀. Gilbert mú ẹyọ kan, ó pa á, ó sọ ọ́ sẹ́nu, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ irin.